Ohùn Màmá Nínú Ẹ̀rọ Túuwò

Àbúrò mi ọkùnrin kò lè rí ohun tí wọ́n dè kó má tú u wò. Láti kékeré ló ti ń ṣe é. Ó tú rédíò bàbá wa, ó tú aago ògiri, ó sì tú ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ́jọ́ tí aṣọ oníbàárà wà lọ́wọ́ mi. Ó tò ó padà, ẹ̀rọ náà sì ṣiṣẹ́, àmọ́ nọ́ọ̀tì kékeré kan ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò mọ ibi tó ti yọ ọ́. Mo bi í pé kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Ó ní ẹ̀rọ náà kò nílò rẹ̀. Bó ṣe di Túuwò fún gbogbo àdúgbò nìyẹn, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ sì di ohun ìgbàgbé.

Iṣẹ́ tó ń ṣe náà kò jìnnà sí ìyẹn. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà sì ni tiẹ̀ gan-an wà, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò láti ara àwọn òkú kọ̀ǹpútà. Fáànù inú rẹ̀ wá láti ibì kan, díìsì láti ibòmíràn, ẹ̀gbẹ́ àpótí náà kan kò sì ní ìdérí, tí èèyàn fi ń rí ìfun rẹ̀ kedere. Ìyẹn kò dùn mí. Ètò tó fi ń darí rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ló ṣe ètò náà fún kọ̀ǹpútà tiwọn nìkan, irú èyí tí èmi àti Túuwò kàn máa ń wò látẹ̀yìn gíláàsì, wọn kò sì fẹ́ kó wọ inú ẹ̀rọ ẹlòmíràn rárá. Ṣùgbọ́n Túuwò àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri ayé, àwọn tí kò fojú kan ara wọn rí, ti wá ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n ń fi ètò kékeré kan síwájú tó máa ń purọ́ fún ètò ńlá náà nígbà tó bá fẹ́ jí, pé ilé rẹ̀ ló wà, kó fọkàn balẹ̀. Bó bá gba irọ́ náà gbọ́, á jí. Bí kò bá gbà á gbọ́, ó parí. Mo sọ fún Túuwò pé adìyẹ bà lókùn lọ̀rọ̀ yìí, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Ẹ̀rín ló fi mí rín. Ó ní ẹ̀rọ òun kò já òun kulẹ̀ rí, èèyàn kàn gbọ́dọ̀ mọ ìwà rẹ̀ ni.

Ìwà náà sì pọ̀ ju ti ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé lọ. Wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kó sùn, torí bó bá sùn tó jí, á ní òun kò mọ máìkì rí. Wọn kò gbọdọ̀ yọ wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ kan kúrò nínú ihò tó wà. Èyí tó wá ga jù ni pé bí ilé-iṣẹ́ ńlá náà bá fi àtúnṣe tuntun ránṣẹ́, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ sáré gbà á. Òfin wọn ni pé kí ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá tiwọn mu kọ́kọ́ dán an wò, kó sì wá sọ fún wọn níbi tí wọ́n ti ń pàdé lórí ayélujára pé tòun jí. Ìgbà náà ni àwọn yòókù tó lè fọwọ́ kàn án. Mo máa ń sọ pé irú ẹ̀rọ tí èèyàn ń bẹ̀rù rẹ̀ báyìí, ṣé òun ló ń sin èèyàn ni àbí èèyàn ló ń sìn ín?

Ìyá wa ni ọ̀rọ̀ náà wá dé bá. Màmá fi ohùn jẹun ni. Òun ló ń pe ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ ńlá títí tó fi fẹ̀yìn tì, nínú yàrá onígíláàsì tó wà lókè, tí àwọn èrò nísàlẹ̀ ń gbọ́ ọ tí wọn kò sì rí i. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lójú mọ ohùn rẹ̀. Bó bá sì dúró lójúde tó pè wá, ẹni tó wà ní òpin àdúgbò á sọ fún wa pé ìyá yín ń pè yín o. Nígbà tí ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í há, a rò pé ọ̀fìnkìn ni. Dókítà ló sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ni, pé ibi tí ohùn ti ń jáde nínú ọ̀fun gan-an ló wà, gbogbo ibẹ̀ ni wọ́n sì máa gé kúrò. Màmá máa yè, àmọ́ kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí Màmá bi dókítà ni pé ṣé òun á ṣì máa fi ẹnu jẹun. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni. Màmá ní ó dáa, ó sì dìde pé ká máa lọ sílé. Ẹ̀rù bà mí gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Obìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn náà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bójú tó àwọn tí ohùn wọn fẹ́ lọ. Ìyá Olóhùn la sọ ọ́. Òun ló ṣàlàyé fún wa pé bí Màmá bá lè ka ọ̀pọ̀ gbólóhùn sínú kọ̀ǹpútà kí iṣẹ́ abẹ tó dé, ètò kan wà tó máa kọ́ ohùn rẹ̀, tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ohun tí Màmá bá tẹ̀ sórí tábúlẹ́ẹ̀tì, ohùn rẹ̀ ló máa jáde. Kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ńlá yẹn nìkan ni ètò náà ń bá ṣiṣẹ́. Ẹyọ kan ni ilé ìwòsàn ní, àwọn tó sì ti wà lórí ìlà kò ní tán kí ọjọ́ Màmá tó pé. Ó ní àwọn tó ní irú rẹ̀ nílé lè kà á nílé. Ó wá bi wá bóyá a ní.

Kí n tó la ẹnu, Túuwò ti dáhùn pé a ní. Mo wo ojú rẹ̀. Kò wo tèmi.

Bí Màmá ṣe ń jókòó sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lárààárọ̀ nìyẹn, kí ohùn tó rẹ̀ ẹ́. Á wọ awò ojú rẹ̀, á na ẹ̀yìn ró bíi pé ó tún wà lẹ́nu iṣẹ́, á sì máa ka ohun tó bá yọ lójú kọ̀ǹpútà. Òjò rọ̀ lánàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn. Àga yìí ti ga jù fún mi. Ó bi Túuwò pé ta ló kó ìsọkúsọ yìí jọ, ṣé ẹni tó kọ ọ́ ní ìyá ni? Túuwò ní gbogbo ìró tó wà nínú ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wá. Màmá ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n àga òun kò ga jù. Bó ti wù kó rí, ó kà á. Lójoojúmọ́ ni ohùn rẹ̀ ń ṣí bí aṣọ tí wọ́n ń sá sóòrùn, tí àwa méjèèjì sì ń ṣe bíi pé a kò mọ̀.

Ohun kan wá ń da Túuwò láàmú. Bó bá fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sétí, ó ń gbọ́ ariwo kékeré kan nínú ohùn Màmá, tàsì, tàsì, bí ìgbà tí wọ́n ń tẹ ewé gbígbẹ mọ́lẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ òun ló ń dá a sílẹ̀. Ó ní kí n wá gbọ́. Mo gbọ́ títí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Bí ẹni ń sọ fún omi pé kó má ṣàn ni.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni Màmá gbọ́dọ̀ wọ ilé ìwòsàn. Ìwé kíkà àárọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan ló kù. Mo mú Màmá dé ṣọ́ọ̀bù, mo ní kó sinmi díẹ̀ ní iwájú, mo sì wọ yàrá ẹ̀yìn. Túuwò jókòó sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. Lójú kọ̀ǹpútà, àmì funfun kan wà, ìlà tín-ínrín kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó rìn dé ìdajì tó dúró.

Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní ẹnì kan tí pátákó inú ẹ̀rọ rẹ̀ bá tòun mu ló kọ ọ́ pé àtúnṣe tuntun ti dé, pé ó pa irú ariwo yẹn, tòun sì jí. Òun náà bá gbà á. Ìgbà tó kọ̀ tí kò jí ló tó rántí pé káàdì tó ń gbé àwòrán wá sójú ẹ̀rọ òun kì í ṣe irú ti ẹni yẹn.

"O tẹ̀ ẹ́," mo ní. "Òní tí Màmá ń wọ ilé ìwòsàn, o tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ariwo yẹn máa bá Màmá dọ́jọ́ alẹ́ ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ ló máa wà níbẹ̀. Èmi ni mo fi sí i."

"O fi ètè sílẹ̀, ò ń pa làpálàpá." Mo tọ́ka sí ẹ̀rọ náà. "Tí ohùn ìyá mi bá ṣòfò sínú páànù yìí, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́."

Màmá ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó fi ìwọ̀nba ohùn tó kù bi Túuwò pé àwọn ohun tí òun ti kà ńkọ́. Túuwò ní wọ́n wà nínú díìsì. Mo bi í pé ṣé kò ní ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn. Ó ní òun ní, nínú díìsì kejì. Mo bi í pé níbo ni díìsì kejì wà. Ó nawọ́ sí àpótí kan náà. Bíi kí èèyàn gé kọ́kọ́rọ́ méjì kó kó méjèèjì sápò kan náà ni. Kò sì lè fi pamọ́ sórí ayélujára, torí láti ọjọ́ tó ti tò ó ni kò ti jẹ́ kó bá ilé-iṣẹ́ ńlá náà sọ̀rọ̀, kí àṣírí má baà tú.

Ó ki fíláàṣì tí ètò kékeré tó ń purọ́ yẹn wà nínú rẹ̀ bọ ẹ̀rọ náà, ó tún un tàn. Àwọn fáànù pariwo, àmì funfun yọ, ìlà náà rìn, ó dúró síbi tó dúró sí tẹ́lẹ̀. Ó yí nǹkan kan padà, ó tún un tàn. Ibẹ̀ náà ló dúró sí. Yàrá náà gbóná, òógùn ń ṣàn wọ Túuwò lójú, kò sì nù ún. Mo ń wo ìlà yẹn bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú mi pé kó ṣe díẹ̀ sí i. Bó ṣe tún dúró, Túuwò na ọwọ́ sí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ní òun máa tú gbogbo rẹ̀, òun máa pààrọ̀ káàdì náà, òun máa tò ó padà.

Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Tí o bá tú u, ìgbà wo lo máa tò ó tán?"

Túuwò fa ọwọ́ padà.

"Yọ ibi tí ohùn mi wà," Màmá ní. "Ká máa lọ."

Díìsì náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Túuwò fi sínú àpótí kékeré tó ní wáyà, ó sì gbé e lé itan nínú ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Kọ̀ǹpútà lásán kò lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ti ilé ìwòsàn nìkan la mọ̀ tó lè kà á, ìyẹn ni pé a gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún Ìyá Olóhùn. Mo sọ fún Túuwò pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Màmá gbá mi ní itan pé kí n panu mọ́. Mo panu mọ́, àmọ́ inú ṣì ń bí mi.

Yàrá Ìyá Olóhùn kò tóbi, wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀ kí ariwo ìta má baà wọlé. Túuwò kò jókòó. Ó ní, "Ẹ má bínú, irọ́ ni mo pa fún yín. Kọ̀ǹpútà wa kì í ṣe tiwọn. Èmi ni mo tò ó, ó sì ti kú láàárọ̀ yìí. Ohùn màmá mi ló wà nínú èyí."

Ìyá Olóhùn wo díìsì náà, kò gbà á. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ ki ohun tó wá láti ìta bọ kọ̀ǹpútà yẹn. Ó ní ohùn àwọn èèyàn mìíràn wà níbẹ̀, àwọn kan nínú wọn kò sí láyé mọ́, tí àwọn ọmọ wọn ṣì ń bọ̀ wá gbọ́ wọn. Bí díìsì wa bá gbé nǹkan burúkú wọlé, kí ló máa sọ fún àwọn yẹn? N kò lè bínú sí i, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, fóònù dún títí, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Ó wá yíjú sí Màmá, ó ní kó bá òun sọ̀rọ̀. Màmá ní kí òun kí i. Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ jáde, ohùn tó tẹ̀ lé e kò nípọn ju òwú lọ.

Ìyá Olóhùn dìde. Ó yọ wáyà tó so kọ̀ǹpútà náà mọ́ ti gbogbo ilé ìwòsàn. Ó ní òun máa kọ́kọ́ da ohùn àwọn èèyàn òun kọ sí díìsì òun, pé bó bá bàjẹ́, kó má jẹ́ tiwọn. A jókòó, a ń dúró dè é. Nọ́ọ̀sì kan yọjú láti sọ pé bẹ́ẹ̀dì Màmá ti wà ní sẹpẹ́, Ìyá Olóhùn bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù. Nígbà tó dà á kọ tán, ó gba díìsì wa, ó sì fi wáyà rẹ̀ sínú ihò kan lára kọ̀ǹpútà náà. Nǹkan kan kò yọ. Túuwò ní kó gbìyànjú ihò kejì. Nǹkan kan kò yọ. Túuwò kúnlẹ̀ tì í, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú wáyà náà ró, àwòrán díìsì sì yọ sójú kọ̀ǹpútà.

Ìyá Olóhùn ṣí ọ̀kan. Ohùn Màmá gba inú yàrá náà kan, ohùn ọjọ́ àkọ́kọ́, tó ṣì le: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn." Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti ilẹ̀kùn. Màmá gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbọ́ ara rẹ̀. Mo kọjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀.

Àmọ́ kò tíì pé. Gbólóhùn tó yẹ kó kà láàárọ̀ ṣì wà nílẹ̀, ètò náà kò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ohùn bí kò bá rí tó. Wọ́n gbé máìkì síwájú Màmá. Ó ka àkọ́kọ́, àmì pupa yọ, ìyẹn ni pé ohùn náà kò tó, kó tún un kà. Ó tún un kà, ètò náà gbà á. Ó ka ìkejì, pupa. Ó tún un kà, pupa. Ó mu omi, ó di etí tábìlì mú, ó kà á bíi pé ọkọ̀ fẹ́ fi èrò sílẹ̀, ètò náà gbà á. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Ohun tó kù lọ́fun rẹ̀ ń dín kù, àwọn gbólóhùn náà sì ń dín kù, a kò mọ èyí tó máa kọ́kọ́ tán. Túuwò dúró sí igun yàrá, ètè rẹ̀ ń bá Màmá ka gbogbo rẹ̀ láìsí ohùn. Nígbà tó ku díẹ̀, Màmá la ẹnu, nǹkan kan kò jáde. Ó tún un là. Èémí nìkan ni.

Ìyá Olóhùn pa máìkì náà. Ó ní òun máa fi ohun tó wà níbẹ̀ gbìyànjú. Ó lè gbà, ó lè má gbà. Kò ní parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé Màmá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́la, bí kò bá sì gbà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè tún kà mọ́. Mo bi í pé ṣé dókítà kò lè sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Màmá ti mi orí pé rárá kí obìnrin náà tó dáhùn. Ó dìde, ó tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì. Lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó ṣẹ́wọ́ sí wa bó ṣe máa ń ṣẹ́wọ́ sí àwọn awakọ̀, pé ọ̀nà yá, ẹ máa lọ.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa. Túuwò kò jẹun, kò bá mi sọ̀rọ̀, èmi náà kò sì bá a sọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó pààrọ̀ káàdì náà, ẹ̀rọ náà sì jí wẹ́rẹ́, bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní mo gbọ́.

Ọjọ́ tí Ìyá Olóhùn gbé tábúlẹ́ẹ̀tì wá, Túuwò kọ̀ láti wọ inú wọ́ọ̀dù. Ó ní òun máa dúró ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Màmá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, báńdéèjì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá Olóhùn ní òun ti gbọ́ ọ, òun kò sì ní sọ nǹkan kan, kí Màmá fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́, ó ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta. Mo rò pé orúkọ Ọlọ́run ló máa kọ́kọ́ pè, tàbí kó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Ó tẹ bọ́tìnì tó kẹ́yìn.

"Túuwò, kí lo ń ṣe níta? Ṣé o ti jẹun?"

Ohùn rẹ̀ ni. Kì í ṣe èyí tó jọ ọ́, òun gan-an ni, tó dún dé ọ̀ọ̀dẹ̀. Ariwo kékeré kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀, tàsì, mo wá gbọ́ ọ. Omi bọ́ lójú mi, n kò sì nù ún.

Túuwò wọlé. Ó dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ tutù, ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde, ó pa á dé, ó tún un là. Màmá wò ó títí. Ó tẹrí ba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àwa méjèèjì sì dúró.

"Ṣé kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ ni?"